Bàtà, Ìdúró Ọjọ́ Gbogbo àti Ẹ̀yìn Ríro Tí Kì í Lọ Bọ̀rọ̀

Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú ní Ọjà Bódìjà tàbí ní Dùgbẹ̀, ẹni tó bá fara balẹ̀ wò yóò rí i pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń palẹ̀ ọjà wọn mọ́ ni ó ń fi ọwọ́ kan di ìbàdí mú bí wọ́n ti ń fi ọwọ́ kejì di ẹrù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní ilé epo, ní ilé ìwòsàn níbi tí àwọn nọ́ọ̀sì ti ń gbapò lọ́wọ́ ara wọn, ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ àti ti onídìrí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì ẹni tí ń lọ aṣọ, àti níwájú pátákó ìkọ̀wé olùkọ́. Iṣẹ́ wọn yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ni iṣẹ́ ń mú dúró lórí ẹsẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ìbéèrè tí wọ́n sì sábà máa ń béèrè ni pé, irú bàtà wo ni kí n wọ̀ tí ẹ̀yìn yìí yóò fi fi mí lọ́rùn sílẹ̀?

Ìbéèrè náà mọ́gbọ́n dání, ó sì yẹ kí a dáhùn rẹ̀ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú. Bàtà tó dára lè mú kí ara tu ẹni tó ń dúró ṣiṣẹ́. Bàtà tí kò dára lè dá kún ìrora rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí bàtà kankan lọ́jà tí a ti rí ẹ̀rí pé ó ń wo ẹ̀yìn ríro tó ti di bárakú sàn, bí ó ti wù kí owó rẹ̀ pọ̀ tó. Bí ènìyàn ṣe ń dúró, bí ó ṣe ń pẹ́ tó lójú kan, àti ohun tí ó ń ṣe sí ara rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ ni ibi tí ọ̀rọ̀ náà wà jù.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí a ń sọ. Àwọn oníṣègùn ń pe ẹ̀yìn ríro ní èyí tó ti di bárakú nígbà tí ó bá ti lé ní oṣù mẹ́ta, yálà ó ń ro lójoojúmọ́ tàbí ó ń lọ tó ń bọ̀. Ibi tí ó kàn ni ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, láti abẹ́ egungun ìhà títí dé ìdí. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, mílíọ̀nù 619 ènìyàn ni ó ní ìrora yìí káàkiri àgbáyé ní ọdún 2020, wọ́n sì ń retí pé iye náà yóò di mílíọ̀nù 843 tí ó bá fi máa di ọdún 2050. Òun ni ó wà ní ipò kìíní nínú àwọn àìlera tí kì í jẹ́ kí ènìyàn lè ṣe iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ bí ó ti yẹ. Nínú ènìyàn mẹ́wàá tí ẹ̀yìn ń ro, nǹkan bí mẹ́sàn-án ni àyẹ̀wò kì í tọ́ka sí ojúkò kan pàtó fún pé ibẹ̀ ni ó ti bàjẹ́. Ìyẹn kò sọ wọ́n di òpùrọ́. Òótọ́ ni ìrora wọn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nǹkan ló pawọ́ pọ̀ fà á: iṣan tó ti rẹ̀, oorun tí kò tó, ìdààmú ọkàn, ara tó wúwo jù, àti iṣẹ́ tí kò fún ènìyàn láyè láti yí ipò padà. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, jẹ̀díjẹ̀dí ni a sábà máa ń di ẹ̀bi gbogbo rẹ̀ rù, tí a ó sì gba ife tíì onísúgà lọ́wọ́ ẹni tó jẹ́ pé ìdúró wákàtí mẹ́wàá lórí kọnkéré ni ó ń bá a jà.

Ara ènìyàn kò kórìíra ìdúró; ìdúró bí òpó ni kò fẹ́. Nígbà tí a bá ń rìn, iṣan ẹsẹ̀ wa ń súnkì, ó ń nà, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ń ti ẹ̀jẹ̀ padà sókè sí ọkàn. Nígbà tí a bá dúró lójú kan, iṣan ẹsẹ̀, ti ìbàdí àti ti ẹ̀yìn yóò di ara mú láìsinmi kí a má baà ṣubú, iṣan tí kò bá sì sinmi kì í rí ẹ̀jẹ̀ tó bí ó ti ń fẹ́. Ẹ̀jẹ̀ yóò máa kó jọ sí ẹsẹ̀, ìdí nìyẹn tí bàtà tó gba ẹsẹ̀ dáadáa ní aago méje òwúrọ̀ fi ń fún un ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Láàárín àwọn egungun ọ̀pá ẹ̀yìn ni àwọn ohun kan wà tó dà bíi tìmùtìmù, tí kì í jẹ́ kí egungun máa ha ara wọn. Nínú àgbàlagbà, ẹ̀jẹ̀ kì í ṣàn gba inú àwọn tìmùtìmù wọ̀nyí kọjá. Bí a bá tẹ̀ wọ́n tí a sì tún tú wọn sílẹ̀ ni oúnjẹ fi ń wọ inú wọn, gẹ́gẹ́ bí kànìnkànìn tí a fún nínú omi. Ìyípadà ipò ni ó ń ṣe iṣẹ́ yẹn fún wọn. Ní Yunifásítì Waterloo ní Kánádà, àwọn olùwádìí ti mú kí àwọn ènìyàn tí ẹ̀yìn kì í ro dúró ṣe iṣẹ́ fún wákàtí méjì péré, ẹ̀yìn sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro apá tó pọ̀ nínú wọn kí wákàtí náà tó pé.

Èmi tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí ti ṣe olùkọ́ fún ọdún díẹ̀ kí n tó wọ iṣẹ́ ìròyìn ìjọba. Bàtà aláwọ kan ni mo máa ń wọ̀ lọ kọ́ àwọn ọmọ, ó ń dán, ṣùgbọ́n àtẹ̀lẹ̀ rẹ̀ le bíi pákó. Nígbà tí ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí, mo ra òmíràn lọ́wọ́ ẹnì kan tó búra pé àwọn dókítà ló ń wọ irú rẹ̀ ní òkè òkun. Ó gba apá tó pọ̀ nínú owó oṣù mi. Ẹsẹ̀ tù mí lóòótọ́, ẹ̀yìn kò lọ. Nígbẹ̀yìn mo lọ bá obìnrin kan tó jẹ́ onímọ̀ fisiotẹ́rápì. Kò tilẹ̀ wo bàtà mi lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, “Tíṣà, bí ẹ bá wọ kíláàsì, ìṣẹ́jú mélòó lẹ máa ń fi dúró lójú kan kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀?” Mo ní n kò kà á rí. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ lọ kà á kí ẹ tó padà wá.” Mo lọ kà á. Odindi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ogójì ìṣẹ́jú ni mo máa ń fi dúró sí ẹ̀gbẹ́ pátákó, tí mo fi ọwọ́ kan ti tábìlì, tí gbogbo ara mi sì wà lórí ẹsẹ̀ ọ̀tún. Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láàárín àwọn ọmọ bí mo ti ń kọ́ wọn. Àwọn tó máa ń sùn ní ẹ̀yìn kíláàsì kò dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin náà.

Ní ti àwọn bàtà tí a ń polówó fún ẹ̀yìn, ẹ̀rí wà nílẹ̀. Àwọn bàtà kan wà tí àtẹ̀lẹ̀ wọn tẹ̀ bíi ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ojú omi, tí ẹni tó wọ̀ wọ́n yóò máa mì síwá mì sẹ́yìn. Àwọn tí ń tà wọ́n ní òkè òkun sọ pé mímì yìí ń fún iṣan ẹ̀yìn lágbára. Ní ọdún 2013, àwọn olùwádìí láti King's College London gbé àbájáde ìwádìí wọn jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn tí ń jẹ́ Spine. Ènìyàn 115 tí ẹ̀yìn ríro ti di bárakú fún ni wọ́n fi bí ẹni ṣẹ́ kèké pín sí ọ̀nà méjì: wọ́n fún apá kan ní bàtà tó tẹ̀, wọ́n fún apá kejì ní bàtà ìdárayá tí àtẹ̀lẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú. Gbogbo wọn ni wọ́n jọ kọ́ ní eré ìdárayá àti ìtọ́jú ẹ̀yìn. Wọ́n tẹ̀ lé wọn fún ọdún kan. Bàtà tó tẹ̀ kò ṣe wọ́n láǹfààní ju èyí tó tẹ́jú lọ. Kódà, àwọn tí ìrora wọn ń peléke nígbà tí wọ́n bá dúró tàbí tí wọ́n bá ń rìn, ìyẹn irú àwọn tí a ń bá sọ̀rọ̀ gan-an, àwọn tó wọ èyí tó tẹ́jú nínú wọn ló jàǹfààní jù. Ní ọdún tó ṣáájú, 2012, ilé-iṣẹ́ Skechers ti gbà láti san mílíọ̀nù 40 dọ́là láti fi parí ẹ̀sùn tí àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, FTC, fi kàn án lórí ìpolówó irú bàtà bẹ́ẹ̀. Ohun tí àjọ náà sọ ni pé ilé-iṣẹ́ náà kò ní ẹ̀rí tó tó fún ìlérí rẹ̀ pé bàtà náà ń dín ara kù, ó sì ń mú kí iṣan le. Ẹ wo àárín òkírìkà dáadáa, ẹ lè rí irú bàtà bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ sì bá ẹni tí yóò tún ìlérí àtijọ́ náà sọ fún yín pàdé.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ tìmùtìmù tí a ń fi sínú bàtà rí. Àgbéyẹ̀wò tí àwọn Cochrane ṣe lórí rẹ̀ ní ọdún 2007 fi hàn pé kì í dènà ẹ̀yìn ríro. Ẹni tí ó bá mú ẹsẹ̀ rẹ̀ rọrùn lè máa lò ó nítorí ẹsẹ̀. Kí ó má ṣe retí pé yóò wo ẹ̀yìn.

Kí wá ni kí ẹni tó ń dúró ṣiṣẹ́ wá nínú bàtà? Kí ó tẹ́jú, tàbí kí gìgísẹ̀ rẹ̀ má ga ju ìwọ̀n ìka méjì lọ. Bàtà gogoro ń ti ìwọ̀n ara síwájú sí orí ọmọ ìka ẹsẹ̀, orúnkún, ìbàdí àti ẹ̀yìn yóò sì ní láti tún ara wọn tò kí ẹni náà má baà dojú bolẹ̀. Kí ènìyàn wọ̀ ọ́ lọ sí òde ìyàwó fún wákàtí mẹ́ta kò burú, ṣùgbọ́n kò yẹ fún ẹni tí yóò dúró nínú báńkì tàbí ilé ìtajà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Sílípáàsì pẹlẹbẹ tí a ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ há náà ní àléébù tirẹ̀, nítorí kò sí ohun tó di gìgísẹ̀ mú, àwọn ọmọ ìka ni yóò máa fi gbogbo ọjọ́ wá a mú. Kí bàtà di ẹ̀yìn ẹsẹ̀ mú, kí àtẹ̀lẹ̀ rẹ̀ nípọn kí ó sì rọ̀ díẹ̀, kí ó má sì máa yọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ ra bàtà, nígbà tí ẹsẹ̀ bá ti wú díẹ̀, kí ẹ sì dìde dúró nínú rẹ̀ láti rí i pé àyè tó tó ìbú àtàǹpàkò wà níwájú ọmọ ìka tó gùn jù. Kò di dandan kí ó wọ́n. Kámbáàsì tí a fi owó táṣẹ́rẹ́ rà lè ṣe gbogbo èyí.

Òkírìkà ni púpọ̀ nínú wa ń rà, kò sì sí ìtìjú nínú rẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí a mọ̀ ni pé ìrìn ẹni tó kọ́kọ́ ni bàtà náà ti fi ojú hàn lára àtẹ̀lẹ̀ rẹ̀. Ẹ gbé e sórí tábìlì tó tẹ́jú kí ẹ wò ó láti ẹ̀yìn. Bí ó bá fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí tí gìgísẹ̀ ọ̀kan jẹ ju ti èkejì lọ, ẹ dá a padà, tàbí kí ẹ gbé e tọ aránbàtà kí ó bá yín pààrọ̀ gìgísẹ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ máa yẹ bàtà tiyín wò láti ìgbà dé ìgbà. Bàtà tó ti jẹ lápá kan ti kọjá ohun tí à ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́.

Ilẹ̀ tí a ń dúró lé náà ń kó ipa. Kọnkéré àti táìsì le ju ilẹ̀ lásán lọ. Ẹni tó ní ìsọ̀ tirẹ̀ lè tẹ́ róbà tó nípọn tàbí rọ́ọ̀gì ògbólógbòó síbi tí ó ń dúró sí, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ní gbé e ṣubú, tí omi kì í sì í dà síbẹ̀. Ó ń mú ẹsẹ̀ tuni.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù kò gba owó rárá. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ogún ìṣẹ́jú kọjá tí ara yín kò yí padà. Ẹni tí ń lọ aṣọ lè wá àpótí kékeré kan tàbí búlọ́ọ̀kù sí abẹ́ tábìlì, kí ó gbé ẹsẹ̀ kan lé e, kí ó sì máa pààrọ̀ ẹsẹ̀ náà. Bí tábìlì bá rẹlẹ̀ jù tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń tẹ̀, kí ó fi búlọ́ọ̀kù gbé e ga dé ìwọ̀n ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ìtẹ̀síwájú láti àárọ̀ dé alẹ́ ń ni ẹ̀yìn lára ju ìdúró lọ. Onígbàjámọ̀ lè gbé àga oníbàárà sókè dípò kí òun fúnra rẹ̀ máa tẹ̀. Ẹni tí ń ta epo lè rìn yí ẹ̀rọ rẹ̀ ká nígbà tí kò bá sí ọkọ̀. Àwọn tí ń darí ọkọ̀ ní oríta kò lè fi ibẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n lè máa gbé gìgísẹ̀ sókè sódò, kí wọ́n sì máa tẹ orúnkún díẹ̀díẹ̀. Bí àyè bá yọ láti jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí a jókòó. Ní ilé, ẹni tí ẹ̀yìn ń ro máa ń fẹ́ dùbúlẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ìsinmi òru dára, ṣùgbọ́n kí ènìyàn máa sùn gbalaja fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ ń sọ iṣan di aláìlágbára, ìrora náà yóò sì pẹ́ sí i. Ìrìn ìdajì wákàtí ní ìrọ̀lẹ́ àti eré ìdárayá tó ń fún ikùn, ìdí àti ẹ̀yìn lágbára wà lára ohun tí WHO fọwọ́ sí nínú ìlànà tí ó gbé jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2023.

Ìlànà kan náà ni ó kọ bẹ́líìtì ìbàdí tí wọ́n ń kiri nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, ó sì kọ oògùn ìrora tó wà ní ìdílé Tramadol. Ọ̀rọ̀ oògùn yìí ni ó ń kọ mí lóminú jù nínú gbogbo ohun tí mo ń kọ yìí. Mo mọ ẹni tí ó jẹ́ pé àràárọ̀ ni ó ń gbé Tramadol mì kí ó tó lè ṣí ìsọ̀. Tramadol ń di bárakú, ìwọ̀n tí a ń fẹ́ ń pọ̀ sí i, bí ó bá sì pọ̀ jù ó lè dá èémí dúró. Diclofenac, ibuprofen àti piroxicam kò sí ní ìdílé yẹn, wọ́n sì wúlò fún ọjọ́ díẹ̀ bí dókítà bá fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n ẹni tó ń lò wọ́n lójoojúmọ́ fún oṣù gbọọrọ ń fi ọ̀nà sílẹ̀ fún ọgbẹ́ inú àti àìsàn kíndìnrín, pàápàá ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tàbí tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Èyí tó burú jù ni oríṣiríṣi oògùn tí a pò pọ̀ sínú ọ̀rá kékeré, tí ẹni tó ń rà á kò mọ orúkọ ọ̀kankan nínú wọn. Ní ti ọ̀pá ẹ̀yìn tí wọ́n ń tà pẹ̀lú paraga ní ibùdókọ̀, ọtí inú rẹ̀ ni ó sábà ń jẹ́ kí ìrora dà bí ẹni pé ó lọ. N kò bú egbòogi o. Mo ń sọ pé kí ẹ má ṣe mu ún pọ̀ mọ́ oògùn kẹ́míìsì, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé ẹ ń mu ún.

Àwọn agbanisíṣẹ́ náà ní ohun tí wọ́n lè ṣe. Ọ̀pọ̀ ilé ìtajà ni ó ka ìjókòó òṣìṣẹ́ sí ọ̀lẹ, tí wọ́n sì ń gé owó ẹni tí wọ́n bá bá lórí àga, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí oníbàárà kankan níbẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 1899 ni òfin ti sọ pé kí ilé ìtajà pèsè àga kan, ó kéré tán, fún obìnrin mẹ́ta tó bá ń tajà níbẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́fà ọdún báyìí, àga náà kò sì tíì dé ọ̀pọ̀ ìsọ̀ tiwa. Àga gíga kan lẹ́yìn káńtà, ìsinmi ìṣẹ́jú díẹ̀ láàárín wákàtí méjì, àti fífi iṣẹ́ ìdúró àti iṣẹ́ ìjókòó pààrọ̀ láàárín àwọn òṣìṣẹ́ kò lè sọ ilé-iṣẹ́ di onígbèsè. Òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 2010 lórí owó ìtanràn fún òṣìṣẹ́ tó bá farapa tàbí tó kó àìsàn lẹ́nu iṣẹ́ wà lọ́wọ́ àjọ NSITF. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni òfin náà fún òṣìṣẹ́ láti fi tó agbanisíṣẹ́ rẹ̀ létí. Kò rọrùn láti fi hàn pé iṣẹ́ ni ó fa ẹ̀yìn ríro tó yọ́ wọlé díẹ̀díẹ̀, nítorí náà ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá yẹ̀ níbi tí ó ti ń gbé ẹrù ní ọjọ́ kan pàtó, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ó sì fún ọ̀gá rẹ̀ ní ẹ̀dà kan.

Àwọn àmì kan wà tí kò fàyè gba bàtà tàbí ìdárayá rárá. Bí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ kò bá ṣe é mú dúró mọ́, tàbí tí ìtọ̀ kọ̀ tí kò wá. Bí ìdí àti ojú ara bá kú tí kò mọ ìfọwọ́kàn. Bí ẹsẹ̀ bá ń di aláìlágbára, ilé ìwòsàn ńlá ni kí ẹ gbé ẹni náà lọ lọ́jọ́ náà, kí ẹ má dúró di ọjọ́ kejì. Ẹni tí ẹ̀yìn ń ro tó sì ń gbóná, tó ń rù láìnídìí, tó ń làágùn lóru, kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò láìpẹ́, torí ikọ́ ẹ̀gbẹ lè wọ inú egungun ẹ̀yìn láìjẹ́ pé ẹni náà ń wúkọ́. Ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú ikọ́ ẹ̀gbẹ ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba. Ẹni tó ti ní jẹjẹrẹ rí, tàbí tó ṣubú láti orí òkè, náà kò gbọdọ̀ dákẹ́.

Àwọn yòókù lè kọ́kọ́ lọ sí ibùdó ìlera alábọ́dé tó wà ní wọ́ọ̀dù wọn, kí wọ́n sì béèrè fún ìwé tí yóò gbé wọn dé ẹ̀ka fisiotẹ́rápì ní ilé ìwòsàn ìjọba tó súnmọ́ wọn. Ẹ wọ bàtà tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ lọ, ẹ mú gbogbo oògùn tí ẹ ń lò dání títí kan àgbo, kí ẹ sì ti ka iye ìṣẹ́jú tí ẹ fi ń dúró lójú kan.